Ohùn Tí A Fi Ń Wo Inú Ara

Ohùn tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, etí ènìyàn kò lè gbọ́ ọ. Irú rẹ̀ ni oníṣègùn ń rán wọ inú aláboyún, tí ó sì ń fi gbohùngbohùn rẹ̀ wo ọmọ.

Ṣùgbọ́n bí ohùn ti ń wọlé ni ó ń rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá le jù, ó lè pa ara lára; bí a bá fà á gùn lásán, àwòrán kì yóò mọ́. Nítorí náà ni àwọn ẹ̀rọ kan ṣe ń rán ohùn gígùn tí ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Ẹ rántí onídùndún lọ́jà: ẹyọ ìlù kan a sọnù sínú ariwo, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìlù pe a yíjú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń dá àmì tirẹ̀ mọ̀. A ká a jọ di kúkúrú, ohun tí ó jìn a sì hàn.