Iṣẹ́ Ẹrú Tí Crowther Fi Tọmọ Jẹ́

Ọ̀rọ̀ owó tí Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi tu àwọn tí òwò ẹrú pa lára lójú tún ti gba orí ìròyìn kan. Àwọn tó ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: ní Oṣù Kìíní 2023 ni àwọn tó ń mójú tó owó ìjọ náà kéde pé àwọn yóò ya mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn sọ́tọ̀. Wọ́n ti tú ìwé ìṣirò àtijọ́, wọ́n sì rí i pé àpò owó kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1704, Queen Anne's Bounty, fi owó sínú South Sea Company, ilé iṣẹ́ tó kó ènìyàn tó lé ní 30,000 kọjá òkun Àtìláńtíìkì. Ní Oṣù Kẹta 2024, ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn ní owó náà kéré, kí wọ́n wá bí yóò ṣe di bílíọ̀nù kan. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ò ti tán nílẹ̀.

Ẹni tó bá ń ka ìròyìn yìí lórí fóònù nínú dánfó láàárín Ibafo àti Mowe lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ni. Ṣùgbọ́n kó gbójú sókè, kó wo orúkọ tó wà lára pátákó bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ ibùdó ìjọ Redeemed létí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí ìjọ náà ti pàgọ́ láti 1983: Redemption City, tí wọ́n ń pè ní Redemption Camp tẹ́lẹ̀. Ìràpadà ni redemption. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdílé tí wọ́n bá kó ọmọ wọn lẹ́rú yóò máa ṣa owó ẹyọ jọ, wọn yóò yá kún un, nígbà mìíràn wọn yóò fi ọmọ mìíràn ṣe ìwọ̀fà, kí wọ́n lè ra ti ọwọ́ ọ̀tá padà. Nígbà tí àwọn ará Abẹ́òkúta kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Gálátíà pé Kristi rà wá padà, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìtumọ̀. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ń san, wọ́n mọ ojú alárinà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó tún kan ẹrú wà tí gbogbo èrò Káḿpù ń lò lójoojúmọ́, tí ìtàn rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju bí a ṣe ń pè é lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ìránṣẹ́. "Ìránṣẹ́ Ọlọ́run" là ń pe pásítọ̀, ajíhìnrere àti wòlíì. Bí a bá ṣí ìwé Róòmù nínú Bíbélì Mímọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń lò títí dòní, èyí tí wọ́n tún ṣe jáde ní 1900, ìránṣẹ́ náà ni Pọ́ọ̀lù pe ara rẹ̀ ní ẹsẹ kìn-ín-ní, kó tó wá sọ pé wọ́n pe òun láti jẹ́ àpọ́sítélì.

Èdè Gíríìkì ni Pọ́ọ̀lù fi kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tó lò ní ibi tí a ti ń ka ìránṣẹ́ yìí ni doulos, ẹrú sì ni doulos. Kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń gba owó oṣù, kì í ṣe ìwọ̀fà tí yóò padà sílé bí gbèsè bá ti tán. Ẹni tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń rà ni, tí olówó rẹ̀ lè nà, tí ọmọ tó bá bí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì, apostolos, wá láti ara rírán: ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Kí la wá ń pe ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lédè Yorùbá? Ìránṣẹ́ ni. Rán, iṣẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá àpọ́sítélì mu wẹ́kú ni àwọn olùtumọ̀ gbé jókòó sórí àga ẹrú, tí wọ́n sì fi àpọ́sítélì sílẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ àlejò tí ìtumọ̀ rẹ̀ ò hàn sí ẹni tí kò gbọ́ Gíríìkì.

Ta ló ṣe é? Àwọn olùtumọ̀ pọ̀, Thomas King wà lára wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣíwájú ni Samuel Ajayi Crowther. Ìwé Róòmù yìí gan-an wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú iṣẹ́ rẹ̀, ní 1850. Ẹni tó ṣe ẹrú ni.

Ọ̀ṣogùn ni wọ́n ti mú un ní 1821, nígbà tí kò tíì ju ọmọ bí ọdún 13 lọ. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà kan ní 1837, lẹ́tà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá mọ̀wé kà. Ó ní láàárín wákàtí 24, òun ti di ohun ìní ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, ṣùgbọ́n wọ́n kàn mú ẹṣin náà dán wò ni. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹṣin ò wuni mọ́, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì dá ọmọ náà padà fún ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Bí wọ́n ṣe ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Wọ́n tà á dé Èkó, wọ́n tà á fún àwọn ará Pọtogí, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi Esperança Felix. Ní Oṣù Kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà pẹ̀lú ènìyàn 187 nínú rẹ̀. Freetown ni wọ́n já wọn sí.

Òfin tó ka òwò ẹrú léèwọ̀, tí ọkọ̀ ogun yẹn ń ṣọ́, jáde ní 1807. Àwọn tó jà fún un, William Wilberforce àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Clapham, náà ló wà lára àwọn tó dá Church Missionary Society sílẹ̀ ní 1799, CMS tó kọ́ Àjàyí ní ìwé, tó ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, tó sì rán òun, Henry Townsend àti C. A. Gollmer wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Crowther àti Townsend dé Abẹ́òkúta ní 1846. Láàárín oṣù tí wọ́n dé, Oṣù Kẹjọ, ni Crowther tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn ọdún 25. Ìjọ CMS náà ni Josiah Akíndayọ̀mí kọ́kọ́ ṣe kó tó lọ sí Kérúbù àti Séráfù, kó tó dá Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa sílẹ̀ ní 1952, èyí tó di Redeemed. Ìyẹn ni pé okùn kan nà láti Clapham gba Freetown àti Abẹ́òkúta wá dé Mowe.

Ẹni tó ti ṣe ẹrú, tó ti gbọ́ iye ara rẹ̀ lẹ́nu ọlọ́jà, kò lè ṣèèṣì ṣi ẹrú pè. Kí ló wá dé tí kò fi ẹrú sí ẹnu Pọ́ọ̀lù?

Ìdáhùn tó rọrùn jù ni pé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, tí gbogbo ìjọ ìgbà náà ń lò, ti sọ doulos di servant káàkiri, àwọn olùtumọ̀ sì ń tẹ̀lé e. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó. Ṣùgbọ́n kò ká gbogbo rẹ̀ tán, nítorí Bíbélì Yorùbá ò tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì níbi gbogbo. Nínú lẹ́tà sí Fílémónì, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ní kí Fílémónì gba Onésímù, ẹrú rẹ̀, padà, Bíbélì 1611 ṣì ń sọ servant. Bíbélì Yorùbá là á mọ́lẹ̀: ẹrú. Nínú orí kẹfà ìwé Róòmù, níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti jẹ́ olówó ẹni, ẹrú náà ni. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì lò ó níbi tí wọ́n fẹ́.

Èrò tó dà bíi pé ó sún mọ́ òótọ́ ni pé etí Ọ̀yọ́ ni Crowther fi gbọ́ ìránṣẹ́. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ọ̀ṣogùn wà. Láàfin Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ń bẹ. Samuel Johnson ṣàlàyé wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921: ẹrú ọba ni wọ́n, wọn a máa fá apá kan orí wọn, síbẹ̀ àwọn ni ọba ń rán. Bí ìlàrí bá wọ ìlú pẹ̀lú iṣẹ́ Aláàfin, baálẹ̀ tó jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé yóò dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹrú ni níwájú ọba, ọba ni níwájú ará ìlú. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ ní ẹsẹ kìn-ín-ní ìwé Róòmù nìyẹn: ẹrú Kristi àti ẹni tí Kristi rán, nínú ara kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ipò ọlá ni "ẹrú Olúwa" jẹ́ nínú Májẹ̀mú Láéláé, nítorí Mósè àti Dáfídì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Crowther ò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlàrí lòun rò, kí ẹnikẹ́ni má fi dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, ó sì dà bíi pé ohun tí ọkùnrin yìí ṣe fún doulos nìyẹn.

Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà nínú Abdullahi, ẹrú ló túmọ̀ sí, àwọn àfáà sì ń wàásù nípa "ẹrú Ọlọ́hun" láìfi ohunkóhun bò ó. Ládùúgbò kan náà ní Ifo, etí kan yóò gbọ́ ẹrú Ọlọ́hun ní Jímọ̀, yóò gbọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní ọjọ́ Ìsinmi.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ? Nítorí pé orí irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni àwọn tó ń gbèjà òwò ẹrú àti àwọn tó ń bá a jà ti pàdé. Lẹ́tà sí Fílémónì, ẹsẹ 25 péré, ni pápá ìjà. Onésímù sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe kà á láti ìgbà John Chrysostom, Pọ́ọ̀lù sì fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́ padà. Nígbà tí òfin ọdún 1850 ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n dá ẹrú tó bá sá padà, Moses Stuart, ògbólógbòó olùkọ́ Bíbélì, tọ́ka sí lẹ́tà yìí láti fi ti òfin náà lẹ́yìn: Pọ́ọ̀lù náà dá ẹrú padà.

Àwọn ẹrú gan-an ńkọ́? Ní 1833, ní Liberty County, ìpínlẹ̀ Georgia, oníwàásù kan tó ń jẹ́ Charles Colcock Jones fi ọ̀rọ̀ Onésímù wàásù fún wọn pé sísá ò dára. Ìdajì ìjọ dìde, wọ́n jáde. Lára àwọn tó dúró, àwọn kan sọ fún un lójú pé kò sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Wọn ò mọ̀wé, wọn ò lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan wọ́. Wọ́n sì nídìí láti fura, torí ní 1807, ọdún kan náà tí òfin Wilberforce jáde, wọ́n tẹ Bíbélì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú ilẹ̀ Karíbíà, tí wọ́n ti yọ bí Ísírẹ́lì ṣe jáde kúrò ní Íjíbítì, tí wọ́n sì yọ ẹsẹ Gálátíà tó ní kò sí ẹrú tàbí òmìnira mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà lára ohun tí Museum of the Bible ní Washington pàtẹ ní 2018.

Bíbélì Crowther ò yọ nǹkan kan. Ọ̀nà tí ìjọ gbà lo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Abẹ́òkúta, CMS kọ̀ láti ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀, ó sì gba ẹni tó ní ẹrú wọlé. Nígbà tí James Johnson, tí wọ́n ń pè ní Johnson Mímọ́, wá ń mójú tó ìjọ ibẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1870, ó gbé ọ̀rọ̀ ẹrú dìde gidigidi, inú àwọn ará ìjọ ò dùn, CMS sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1880. Ó ṣòro láti má rò pé ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ inú Bíbélì náà dá kún un díẹ̀. Ká ní ẹni tó ní ẹrú mẹ́wàá nílé ń gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ẹrú ni Pọ́ọ̀lù pe ara rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ojú tó fi ń wo àwọn mẹ́wàá yẹn yí padà. Ìránṣẹ́ dáàbò bo Pọ́ọ̀lù, ó tún dáàbò bo olówó ẹrú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń tún ọ̀rọ̀ yìí rò. Nínú Legacy Standard Bible tó jáde ní 2021, slave ni Pọ́ọ̀lù ní Róòmù orí kìn-ín-ní. Èyí máa kan àwọn ògbufọ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe kékeré nínú ìjọ Redeemed: Akíndayọ̀mí a máa wàásù ní Yorùbá, Enoch Adébóyè, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì, a sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1970, kó tó di olórí ìjọ ní 1981. Lónìí Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń ṣíwájú, Yorùbá a tẹ̀lé e. Bí oníwàásù bá ka slave of Christ látinú ìwé tuntun, Bíbélì Mímọ́ tó wà lọ́wọ́ ògbufọ̀ yóò máa sọ ìránṣẹ́ fún un, kò sì ní ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kí gbólóhùn tó kàn tó dé. Bó bá lè ráyè, kó sọ méjèèjì: ẹrú Kristi, ẹni tí Kristi rán.