Òfì tàbí Férémù? Ọ̀rọ̀ kan nínú Iṣẹ́ Ìkànnì Íntánẹ́ẹ̀tì

Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, ní Yemẹtù, Ìbàdàn, wà lára ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn kí UCH tó ṣí ní ọdún 1957. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ wọn, Yorùbá ni aláìsàn ń sọ. Nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ‘wọ́ọ̀dù’ àti ‘nọ́ọ̀sì’ ti ń wọ inú èdè, tí ‘abẹ́rẹ́’ aránṣọ sì ń gba iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé a gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ kì í rò nípa ẹ̀wù mọ́.

Irú ìṣòro kan náà ti dé ẹnu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ń fi kíkọ ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì jẹun kì í kọ́ṣẹ́ tán. Google gbé AngularJS jáde ní ọdún 2010. Ní ọdún 2016 wọ́n tún un kọ láti ìpìlẹ̀. Ní òpin ọdún 2021 wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú ti àkọ́kọ́ dúró. React ti Facebook jáde ní ọdún 2013. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí ó bọ́ sórí èyí tí kò mọ̀ yóò máa kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Kí ni kí a pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní framework? Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 kò dé ibẹ̀. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. ‘Férémù’ ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n férémù ilẹ̀kùn a máa dúró sójú kan. ‘Irinṣẹ́’ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irinṣẹ́ a máa dúró de ọwọ́. Òòlù kì í pe káfíńtà. Framework ni ó ń pe ohun tí oníṣẹ́ kọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ kan ní Yemẹtù tí a ní kí ó fi React ṣe bọ́tìnì kan: bí a bá tẹ̀ ẹ́, kí iye tí ó wà lójú ìwé fi ẹyọ kan lé. Ó kọ ọ́ bí ó ti mọ̀ ọ́n kọ tẹ́lẹ̀. Iye náà lé nínú kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ojú ìwé kò kúrò lórí òdo. Ìṣirò rẹ̀ kò ní àbùkù. React ni kò gbọ́ sí i. React ni ó ń pe ìdìpọ̀ àṣẹ tí oníṣẹ́ kọ, nígbà tí a bá ti fi ìyípadà lé e lọ́wọ́ ní ọ̀nà tí ó là sílẹ̀. Ẹni tí ó fi ‘irinṣẹ́’ sọ́kàn yóò máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ ọ ni ó ṣì í lọ́nà.

‘Òfì’ sàn jù. Kí ahunṣọ tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti ta òwú sórí òfì, tí fífẹ̀ aṣọ sì ti di mímọ̀. Ahunṣọ ni ó ń wọ inú òfì. Ibi tí ọkọ̀ yóò gbà àti ìgbà tí yóò kọjá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Àtakò wà: aṣọ pàápàá ń jẹ́ òfì, òfì kì í sì í rìn láìsí ẹsẹ̀ ahunṣọ. Ti àkọ́kọ́ kò le, ‘òfì ìkànnì’ yóò yà á sọ́tọ̀. Ti èkejì lágbára, ṣùgbọ́n ó sàn kí àfiwé kù díẹ̀ ju kí ó kọjú sí ibòmíràn. (Àwọn tí ó ṣe React pàápàá kò gbà pé framework ni, library ni wọ́n ń pè é, èyí tí kò yẹ kí òǹtúmọ̀ kankan pè ní ilé ìkàwé. ‘Àkójọ irinṣẹ́’ ni ì bá jẹ́, bí kò bá jẹ́ pé React ń pe ènìyàn.)

Ní ọdún 2019 ni React mú ohun tí ó ń jẹ́ hook wá. Òǹtúmọ̀ tí ó bá pè é ní ‘ìwọ̀’ ti mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí odò ẹja. ‘Ìkọ́’ ni, irú èyí tí a ń fi nǹkan kọ́ sára ògiri. Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ ń fi iye rẹ̀ kọ́ sára React, kí ó má baà sọnù nígbà tí a bá tún pe ìdìpọ̀ àṣẹ náà.