Ẹ̀yìn Ta Ni Ọmọ Yìí Mọ̀?

Ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kí abiyamọ tó gbéra lọ ná ọjà Èjìgbò, ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ dè é. Wọ́n á gba ọmọ sẹ́yìn, wọ́n á da ìró bò ó, wọ́n á gba ọ̀já mọ́ ọn. Bí ọmọ bá ké, wọ́n á máa jó lórí ìdúró, wọ́n á máa kì í ní oríkì, Àjọkẹ́ bó bá ṣe obìnrin, Àkànní bó bá ṣe ọkùnrin, títí igbe á fi di oorun. Oríkì dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn yẹn gan-an ló ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ó ti mọ òórùn àdí tó wà lára aṣọ, ó ti mọ ikọ́ àárọ̀ tó máa ń mi ẹ̀yìn náà.

Nígbà tí a wá fẹ́ sọ ibi tí à ń kó ọmọdé sí lórúkọ, jẹ́léósinmi la pè é. Ẹ tún orúkọ yẹn gbọ́: ilé ló ń sinmi. Ẹnikẹ́ni ò béèrè bóyá ọmọ náà sinmi.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà irú ibẹ̀ kan láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìyá kan sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Àǹtí na bisikíìtì sí i. Bí ọmọ ṣe yíjú sí bisikíìtì báyìí, ìyá ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà. Ọmọ bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan. Bisikíìtì já bọ́. “Ìyá ẹ lọ ra àkàrà bọ̀ fún ẹ,” àǹtí wí. Àkàrà ò dé títí aago méjì fi lù. Lọ́jọ́ kejì, láti ojú títì ni ọmọ ti di ọrùn ìyá rẹ̀ mú, wọ́n ní ó lágídí. Èmi ò rí agídí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ lánàá ló ń lò: bó bá gbójú kúrò lára ìyá rẹ̀, ìyá á sá lọ.

Ní 1969, James Robertson àti ìyàwó rẹ̀, Joyce, gbé fíìmù kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ọmọ oṣù 17 kan tí wọ́n pè ní John. Ìyá rẹ̀ lọ bí àbúrò rẹ̀, wọ́n wá fi í sí ilé ìtọ́jú ọmọdé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò rorò. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n pín láàárín ara wọn, wọn ò pín ọmọ. Ẹni tó wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ lè máà jẹ́ ẹni tó máa tẹ́ ẹ sùn. John á rọra sún mọ́ ọ̀kan, ìyẹn á lọ. Á tún sún mọ́ òmíràn, òun náà á lọ. Nígbà tó yá, ó kọ oúnjẹ, ó lọ dì mọ́ béárì aláṣọ ńlá kan. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí ìyá rẹ̀ dé, igbe ló fi pàdé rẹ̀, kò jẹ́ kó gbé òun.

Kí fíìmù yẹn tó jáde, Mary Ainsworth, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé, ti lọ sí Uganda ní 1954, ó ń ti ilé abiyamọ kan dé òmíràn láàárín àwọn Ganda, ó ń wo ọmọ ọwọ́ 28. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tètè dá lóhùn ló ń rá lọ jìnnà, á bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, á tún máa rá lọ. Èyí tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lára. Àwọn tó máa ń ní “má gbé e jù, ó ti mọ gbígbé” ò ní fẹ́ gbọ́ èyí.

Láti 2008, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àǹtí kan pàtó tó jẹ́ tirẹ̀ ní ilé ìtọ́jú. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún méjì, mẹ́ta péré ni àgbàlagbà kan lè mójú tó. Àfi bí ẹni pé ìyá àgbà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wọ́n fi ìwé òfin wá kiri.

Owó àtigba àǹtí kan fún ọmọ mẹ́ta ò sí lọ́wọ́ wa, mo mọ̀. Àmọ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ pé kí àǹtí kan náà máa gba ọmọ kan náà láràárọ̀, kí òun náà máa bọ́ ọ, kí òun náà máa tẹ́ ẹ sùn. Bí ọmọ bá sì ń ké, kí ni “màá pe dókítà kó wá gún ẹ lábẹ́rẹ́” fẹ́ ṣe fún un? Ní agbègbè Èjìgbò, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń wá ajé lọ sí Àbíjàn, ta ni kò mọ àárò? Ọmọ ọdún méjì náà mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ni kò tíì mọ̀. Ẹ bá a sọ ọ́: “Àárò ìyá ẹ ló ń sọ ẹ́. Tí a bá jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á dé.”

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má sá fún ọmọ mọ́. Ẹ dágbére fún un, bó tilẹ̀ máa ké. Kí ẹ tó sanwó táàmù, ẹ béèrè orúkọ àǹtí tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ní ẹni tó bá wà nílẹ̀ ni, ẹ má tíì sanwó.