Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Báwo ni ìmọ̀ràn dókítà ṣe ń di owó ní Ìlàjẹ?

Bí aláboyún bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru ní Ayétòrò, ní agbègbè olómi Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ta ni yóò san owó epo ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn ní Igbókòdà?

1. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ gbọ́dọ̀ di òfin, kí òfin náà sì wọ ìwé ìṣúná. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Síbẹ̀, ọdún 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ ìṣúná, bílíọ̀nù 55 náírà. Ọdún mẹ́rin gbáko!

2. Àwọn kan á ní ìjọba ò lówó ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ owó náà lé lórí tún ṣe pàtàkì. Ètò Abíyè fún ìtọ́jú aláboyún, tí ìjọba Gómìnà Mímikò bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2009, gba ìmọ̀ràn pé ìdádúró ló ń pa aláboyún: kó tó pinnu, kó tó débẹ̀, kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, orí ilẹ̀ sì nìyẹn. Lórí omi bíi ti Ìlàjẹ, ẹ́ńjìnnì, pẹtiróòlù àti awakọ̀ ni ọ̀nà. Ìṣúná tí kò bá dárúkọ wọn kò tíì ro ti Ìlàjẹ.

Ẹ bá wa pín in. Ẹ bi ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín pé: ìgbà wo lowó ìlera alábọ́dé yìí wọlé kẹ́yìn, kí ni wọ́n sì fi rà?