Mìlímítà mẹ́ta péré kọ́ o: bí wọ́n ṣe ń wọn gẹ̀gẹ̀

Bí dókítà bá ní kókó ọrùn Mọ́mì ti kúrò ní mìlímítà 20, ó ti di 23, ẹ má sọ pé kò tó nǹkan. Bó bá rí róbótó, ó ti fi bí ìdajì kún ara rẹ̀ nìyẹn! Skáànù àtijọ́ ń wọn gígùn, ìbú àti jíjìn rẹ̀, wọ́n á wá ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ẹyin ni. Gẹ̀gẹ̀ mélòó ló rí bí ẹyin? Òmíràn rí págunpàgun bí atalẹ̀. Skáànù 3D ń ya á ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bíi búrẹ́dì tí a gé, kọ̀ǹpútà á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìwọ̀n nìkan kò lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni o. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀wò. Ẹ ṣáà bi wọ́n: ṣé ọ̀nà kan náà lẹ fi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì?