Ọmọ Tí Ó Ń Padà sí Ẹ̀kọ́ Ìjàkadì Lẹ́yìn Iléyá

Ẹran àgbò ti tán nínú ìkòkò, àwọn ọmọ tí ó wálé láti ìdálẹ̀ sì ti ń di ẹrù wọn. Nítorí tiwọn ni mo ṣe mú kálámù lónìí.

Ọmọbìnrin mi kan ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ júdò, ìjàkadì àwọn ará Jàpáànì, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ní èṣí, ó bá wa ṣe Iléyá ní Ìgbò-Ọrà, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa ní òwúrọ̀, ẹran ní alẹ́. Kò ṣe ìdárayá kankan. Ní ọjọ́ tí ó ń padà, èmi ládánì tí ó yẹ kí n gbọ́n ni mo dúró ní ibùdókọ̀ tí mo ń wí pé, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ o!" Ẹ wo àmọ̀ràn bàbá.

Ọmọ náà gbọ́ràn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò dúró ṣe ìdánrawò ìṣubú pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹni tí ó máa ń dá kí ó tó wá ṣọdún ni ó lọ dì mọ́. Èémí rẹ̀ ti kúrú. Ẹnì kejì gbé e, ó na ọwọ́ sílẹ̀, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì kán.

Ìyá mi ní, "Kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́. Ṣé iṣẹ́ obìnrin nìyẹn?" N kò rí ẹnu fèsì, nítorí mo mọ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Mo wá ṣe ìwádìí. Jigoro Kano ni ó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882. Kí wọ́n tó kọ́ ọmọ bí a ṣe ń dá ènìyàn, wọn a kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣubú: kí ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà gbá ilẹ̀, kí ó sì fi gbogbo apá lu ẹní, kí agbára ìṣubú lè pín káàkiri. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ lásán, ọrùn-ọwọ́ tàbí eegun èjìká ni yóò ru gbogbo ìwúwo rẹ̀. Lóṣù January, lẹ́yìn ìsinmi ọdún, wọn a péjọ ní Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ tí Kano dá sílẹ̀, láti ṣí ẹ̀kọ́ ọdún náà. Àwọn ọ̀gá a fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́yìn náà wọn a jẹ ìrẹsì tí a gún nínú odó bí iyán wa.

Ní ti obìnrin, mo sọ fún ìyá mi pé Wojdan Shaherkani, ọmọ ọdún 16 láti Saudi Arabia, bo orí rẹ̀ ja júdò ní Òlíḿpíìkì London ní 2012. Kò pé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tí wọ́n fi borí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé ibẹ̀. Hedaya Malak ará Íjíbítì sì fi ìbòrí gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú taekwondo ní Rio ní 2016. Ìyá mi ní, "Àwọn tí o ń dárúkọ yìí, ọrùn-ọwọ́ tiwọn kò kán."

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ gé èékánná ọmọ, ẹ yọ yẹtí, kí ìbòrí má sì ní pín-ìnì. Kí ó ṣe ìdajì iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ara yóò máa ro ó. Ẹ má ṣe dààmú, yóò lọ. Ṣùgbọ́n bí oríkèé bá wú, ẹ má fi òróró pa á lásán, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ.

Nígbà tí dókítà gbà pé ó ti sàn, ọmọ náà tẹ́ ẹní nípọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ṣubú títí níwájú ìyá àgbà. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ní ibùdókọ̀ lọ́dún yìí, mo ní, "Kọ́kọ́ lọ ṣubú." Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó pè: "Bàbá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìṣubú nìkan ni a ṣe lónìí, ó ti sú mi."

Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Kí ó máa sú ọ bẹ́ẹ̀."