Bí Òwò Àmàlà Òpin Ọ̀sẹ̀ Ṣe Ń Gbèrú ní Accra

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láàárín ọ̀sẹ̀ ní Accra, tó sì fẹ́ máa se àmàlà tà fún àwọn Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé, kò ní bá àwọn oníbàárà rẹ̀ lójú kan. Lóòótọ́, Lagos Town ni wọ́n ń pe Accra New Town tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde, ọ̀pọ̀ ará wa sì fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀ lọ. Àwọn tó kù àti àwọn tó dé lẹ́yìn náà ti fọ́n káàkiri ìlú. Nítorí náà, kí a tó wá ìsọ̀, ká kọ́kọ́ wá èèyàn. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti òde ìkómọ la ti ń rí wọn gba nọ́ńbà fóònù.

Ohun tó ń gbé irú òwò yìí ró ni pé kí owó ṣáájú oúnjẹ. Tí oníbàárà bá sọ ohun tó fẹ́ ní Ọjọ́rú, tó sì san án sórí MoMo, owó orí fóònù, ní Ọjọ́bọ̀, owó rẹ̀ la ó gbé lọ sọ́jà. A ò yáwó, oúnjẹ ò sì ṣẹ́kù.

Èlò oúnjẹ ló máa ń jẹ èrè. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi ru ewédú wá láti Èkó: ó wà lọ́jà Accra, ayoyo ni àwọn ará àríwá Ghana ń pè é, àwọn Ewe ń pè é ní ademe. Dawadawa wọn, irú wa ni. Èlùbọ́ iṣu nìkan ló ṣòro. Gbáàgúdá ni wọ́n fi ń ṣe kokonte, àmàlà tiwọn, ẹni tó mọ àmàlà dúdú ò sì ní gbà á. Èlùbọ́ ní láti gba Sẹ̀mẹ̀ àti Hillacondji kó tó dé Aflao, ibodè mẹ́ta lórí ọ̀nà kan, owó ọkọ̀ àti owó ojú ọ̀nà sì ń gun ara wọn. Ẹ jẹ́ kí oníṣòwò bíi mẹ́ta pawọ́ pọ̀ kó àpò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ. Ibodè lè tì nígbàkigbà: Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Èrè ọjà, ẹ dá a fún onísúsú. Bí alájọ ilé wa ló ṣe ń ṣe: owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Tí èrè bá ti lè san owó oṣù olùrànlọ́wọ́ kan láìfọwọ́ kan owó oṣù ọ́fíìsì, ẹ gba olùrànlọ́wọ́ náà kí ẹ tó ronú ìsọ̀. Ọwọ́ kejì yìí la fi ń gba iṣẹ́ kúlà àmàlà fún òde. Àwọn ará Ghana tó ń fi ayoyo jẹ tuo zaafi náà á sì máa yà wá, torí ọbẹ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí wọn.

Ẹni tó ń se oúnjẹ tà gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ara tí ìjọba ìbílẹ̀ ń béèrè. Èyí tó le ni Òfin 865 ti Ghana ti ọdún 2013, tó fi ìsọ̀ ọjà àti kíkiri ọjà sílẹ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè Ghana nìkan. Ó dùn mí, nítorí láti 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ká máa rìn fàlàlà láàárín ara wa, síbẹ̀ wọ́n ti ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Circle ní Accra ní 2019. Ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ yìí rọrùn fún Yorùbá tó jẹ́ ọmọ Ghana. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Ghana, agbẹjọ́rò ni kó kọ́kọ́ rí kó tó gba ìsọ̀, torí owó ọdún kan tàbí méjì ni onílé Accra sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà.